Oògùn Ibà Nínú Ògì Ìyá Dúró

Lánàá ni mo ń fi ṣíbí lọ oògùn fún àbíkẹ́yìn mi. Bí òórùn kíkorò náà ṣe kàn mí nímú, mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Ọmọ náà bi mí pé kí ló dé. Mo ní kò sí nǹkan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù àtijọ́ ló tún bà mí.

Àdúgbò Ìlàrè nílé wa wà ní Ifẹ̀, láàárín àwọn ọdún 1990. Ìjọ tí wọ́n ti ń ka ìwé àdúrà ni Bàámi ń lọ. Ìyá Dúró, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń bá wa gbé, ń lọ sí ìjọ tí kì í lo oògùn rárá, ìbáà ṣe àgbo, ìbáà ṣe ti òyìnbó. Bí a bá jẹun alẹ́ tán, àwọn méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ fa Bíbélì ya, síbẹ̀ n kò gbọ́ kí ẹnì kan bú ìjọ ẹnì kejì rí. Bàámi á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi." Ìyá Dúró á ní, "Máa wí, mò ń gbọ́," á sì di ojú pinpin. Ohun kan ṣoṣo ló fi ń halẹ̀: ẹni tó bá fi oògùn sí òun lẹ́nu, òun á kó ẹrù òun lọ sí Ẹdúnàbọ̀n, kò sì sí ẹni tó máa rí òun mọ́.

Ibà wá dá a dùbúlẹ̀ lọ́dún kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, kò dá ohùn mi mọ̀ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Mo jí oògùn ibà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Bàámi, mo lọ̀ ọ́, mo pò ó mọ́ ògì oníṣúgà. Gbogbo nǹkan ló ti ń korò lẹ́nu rẹ̀, kò fura. Ara rẹ̀ yá. Àmọ́ oògùn yẹn a máa mú kí ara yúnni, Ìyá Dúró sì họra títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Àìsàn náà ló ń jáde," ló ń wí, "mo máa jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi." Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún sì ń gbọ̀n mí. Mo rò pé Ọlọ́run máa tú mi fó lójú gbogbo ìjọ. Nígbà tó di Sátidé, mo jẹ́wọ́ fún Bàámi.

Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn, ṣebí òun ló borí. Ńṣe lojú rẹ̀ fàro. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yìí fi oògùn sínú ògì yín. Ilé mi ló ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀bi mi ni. Ẹ má bínú."

Mò ń wo àpótí aṣọ Ìyá Dúró lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó yíjú sí mi.

"Tó bá tún ṣe mí, bi mí. Màá ní rárá. Ṣùgbọ́n bi mí."

Kò lọ sí Ẹdúnàbọ̀n, kò sì jẹ́rìí mọ́.

Ibà náà padà lọ́dún kejì. Mo kúnlẹ̀, mo bi í. Ó ní rárá. Bàámi bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní rárá. Bàámi wá lọ pe àwọn ará ìjọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá gbàdúrà, ó sì bá wọn ṣe àmín. Ìyá Dúró kò dìde mọ́.

Lóde òní, mo máa ń rí àwọn Kristẹni tó ń pe ara wọn lọ́mọ èṣù lórí fóònù nítorí ẹsẹ Bíbélì kan, ẹ̀rù á sì bà mí fún wọn. N kò tíì mọ̀ bóyá ohun tá a ṣe dáa. Nígbà mìíràn, mo máa ń rò ó pé ǹ bá ti po ògì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tó dá mi lójú ni pé ọ̀dọ̀ wa ló kú sí, ó di ọwọ́ Bàámi mú, kò sì bẹ̀rù ohunkóhun tá a bù fún un mu.