Omi Tí Mo Gbé fún Alábẹ̀wò

Ẹni tó bá ní Mùsé Augustin, olùkọ́ wa, fẹ́ fún alábẹ̀wò ní májèlé mu, irọ́ ló ń pa, kó wá sọ ọ́ lójú mi! Èmi Rosalie ni mo gbé omi náà.

Ọdún kejì òmìnira ló dé ilé ẹ̀kọ́ wa ní Lagbé. Augustin Fáwùmí, ọmọ àgbẹ̀ Daagbé ni. Ìjọba kò tíì gbà á tán. Àfi bí alábẹ̀wò láti Àjàṣẹ́ bá wo iṣẹ́ rẹ̀ tó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ọkọ́ àti àdá. Ilé ẹ̀kọ́ wa kò sì ní irinṣẹ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kankan. Ó sun ìkarawun ìgbín lágbẹ̀dẹ títí ó fi di ẹfun, ó rẹ ẹ́ sómi, ó jẹ́ kó tòrò, ó dà á sí ìkòkò kékeré. Ó ní bí a bá fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ fẹ́ èémí wa sínú rẹ̀, yóò funfun. Ọjọ́ tó kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu ún, èmi ti ru gaàrí tẹ̀lé ìyá mi lọ sí ọjà Igolo.

Lọ́jọ́ kejì, alábẹ̀wò dé. Mùsé ní, "Rosalie, bu omi wá fún àlejò." Omi inú àmù wa ti dọ̀tí. Mo rí ìkòkò kékeré kan tí wọ́n dé ní kọ̀rọ̀, omi rẹ̀ mọ́ gaara. Nílé wa, ọ̀tọ̀ ni a ń fi omi àlejò sí. Mo bu ú, mo kúnlẹ̀, mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, nítorí ẹni tó bá gbé omi ló ń kọ́kọ́ mu níbẹ̀. Yéè! Ó ta mí lọ́fun. Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ wo ló ń tutọ́ níwájú àlejò? Mo gbé e mì. Ọkùnrin náà rí i pé mo mu, ó gbé e, ó dà á sọ́fun.

Ó tu ú sára aṣọ rẹ̀, ó kígbe: "Májèlé rèé!" Mùsé wo ìkòkò tó ṣí sílẹ̀, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó bu èyí tó kù nínú rẹ̀, ó fẹ́ èémí sí i lójú gbogbo wa, ó funfun bí omi ògì. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó, ẹ̀kọ́ òní nìyí." Ó tún mu ún níwájú rẹ̀. Ọkùnrin yẹn kò tilẹ̀ wò ó.

"Ta ló ní kí wọ́n bu omi níbẹ̀?" ni alábẹ̀wò bi wá.

Bàbá mi ti ń wá ọ̀nà láti yọ mí kúrò nílé ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀.

"Èmi ni mo fi ibẹ̀ hàn án," ni Mùsé wí.

Kò fi ibì kankan hàn mí! Mo gbọ́ ọ, mo dákẹ́. Ojú ṣì ń tì mí títí dòní.

Kí oṣù tó parí, ìwé dé pé kó máa lọ. Ọjọ́ tó ń di ẹrù, mo lọ bá a, ẹ̀bẹ̀ wà lẹ́nu mi. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ọ̀fun rẹ ńkọ́, ṣé kò ta ọ́ mọ́?"

Mo ní kò ta mí mọ́. Mo bá a di ẹrù tó kù.