Pèrègún Tí Mo Ní Kí Wọ́n Hú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo fẹ́ ròyìn bí pèrègún ṣe kọ́ èmi tí mò ń pe ara mi ní lọ́yà ní òfin.

Lọ́dún tó kọjá, mo kọ́ ilé kékeré kan sí ẹ̀yìn Ájá. Pèrègún tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, ó ti ga ju èèyàn lọ. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ilé àwọn tó ń gbé VGC ni mo ń fi ojú inú wò, níbi tí òdòdó olówó ńlá ti ń dúró síwájú géètì. Mo ní kí ẹni tó ń bá mi tún ọgbà ṣe hú gbogbo rẹ̀ dànù. Kó tó hú u, mo ya fọ́tò, kí n lè gbé e sí status pé ẹ wo bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, ẹ wá wo bó ṣe rí báyìí. Ẹ ṣáà mọ̀ mí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bíríkìlà wá mọ fẹ́ǹsì. Mi ò sí nílé lọ́jọ́ náà, mo wà ní ọ́fíìsì wa l'Ónírù.

Ọjọ́ kejì ni Bàbá Ràṣídì, aládùúgbò mi, kan géètì. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àdúgbò yẹn náà ni wọ́n sì bí wọn sí. Wọ́n kí mi, wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n béèrè àwọn ọmọ, kí wọ́n tó sọ pé fẹ́ǹsì mi ti wọ inú ilẹ̀ àwọn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ilé yẹn ni wọ́n ń gbà ti ìyàwó wọn jáde lórí àga onítáyà, nítorí àtẹ̀gùn ló wà níwájú ilé. Àga náà ò gba ibẹ̀ mọ́. Láti àná ni ìyá ti wà nínú yàrá.

Mo ní kí wọ́n fi ìwé ilẹ̀ wọn hàn mí.

"Ọmọ mi, pèrègún ni ìwé tiwa. Ìwọ lo fà á ya."

Ṣé ẹ rí i, mo rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni pèrègún. Bàbá ṣàlàyé fún mi pé láyé àtijọ́, tí ẹni méjì bá fẹ́ pààlà, wọ́n á jọ di ọ̀pá pèrègún kan ṣoṣo mú, wọ́n á jọ rì í mọ́lẹ̀ lójú àwọn àgbà. Ta ló máa wá sọ lọ́la pé òun ò mọ ibẹ̀, nígbà tí ọwọ́ òun náà wà níbẹ̀? Ìdí rèé tí àwọn fi ń pè é ní ẹlẹ́rìí ààlà. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tó fi jẹ́ pèrègún, tí kì í ṣe igi mìíràn. Wọ́n ní nítorí pé kì í tètè kú ni: ọ̀dá kì í pa á, bí wọ́n bá gé e, á tún rú. Kí lèèyàn fẹ́ fi ẹlẹ́rìí tó ń tètè kú ṣe?

Odidi ọdún kan la fi ka òfin ilẹ̀ ní yunifásítì. Mo há ìṣákọ́lẹ̀ sórí, ìyẹn ohun tí ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń mú wá lọ́dọọdún láti fi jẹ́wọ́ pé òun kọ́ ló ni ín. Mo kọ ọ́ sínú ìdánwò, mo sì yege. Mi ò bi ara mi rí pé kí ni ẹni tí kò mọ̀wé fi ń mọ ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ parí sí.

Síbẹ̀, mi ò gbà fún Bàbá. Mo ní ìwé, wọn ò ní. Ká má purọ́, ohun tó wà nínú ìwé mi ò ju pé ilẹ̀ mi bá ti Bàbá Ràṣídì pààlà, kò sọ ojú ibi tó ti pa á. Bí lọ́yà ṣe ń ra ilẹ̀ fún ara rẹ̀ nìyẹn, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Bàbá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá baálẹ̀, wọ́n ní ká wá ní Sátidé.

Ní Fúráìdé, fóònù mi kún. Mo ń pa àwọn fọ́tò àtijọ́ rẹ́ nígbà tí mo bá èyí tí mo yà lọ́jọ́ náà pàdé. Pèrègún tò síbẹ̀ gbọnrangandan. Òpó iná wà lẹ́yìn rẹ̀, lọ́dọ̀ Bàbá. Òpó yẹn kan náà ti wà nínú ọgbà mi báyìí, ara rẹ̀ ni mo so okùn tí mo fi ń sá aṣọ mọ́.

Status yẹn ti lọ tipẹ́. Kò sẹ́ni tó tún ní fọ́tò náà àfi èmi. Mo gbé ìka lé e pé kí n pa á rẹ́, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ti gbọ́ ohùn ìyá láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì, tí wọ́n ń bi ẹni tó ń kọjá lọ pé ṣé oòrùn ti mú níta. Ojú tì mí.

Ní Sátidé, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, mo na fóònù sí baálẹ̀. Baálẹ̀ wò ó, wọ́n gbé e fún Bàbá. Bàbá wò ó títí. Wọ́n ní, "Ẹlẹ́rìí wa ò tíì kú."

Bíríkìlà wó fẹ́ǹsì náà. Nígbà tí a máa gbin pèrègún padà, a ò wá a jìnnà. Àwọn ọ̀pá tí mo ní kí wọ́n dà sẹ́yìn ilé ti yọ ewé tuntun. Wọ́n ti ìyá jáde lórí àga wọn kí wọ́n lè fojú rí i. Bàbá di ọ̀pá náà mú lókè, wọ́n ní kí n di ìsàlẹ̀ mú. Wọ́n ní àwọn ti darúgbó, pé ẹni tí yóò máa sọ ọ́ lẹ́yìn àwọn ni àwọn ń wá.

Ẹ̀kọ́ tèmi ò pọ̀. Ohun tí ẹ bá bá lórí ilẹ̀, kí ẹ tó hú u, ẹ béèrè ẹni tó gbìn ín. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ ti hú dànù rí, tó padà jẹ́ pé ó ní ohun tó ń sọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mò ń kà á.

Ní tèmi, mo ti mọ ibi tí ilẹ̀ mi parí sí. Ọwọ́ mi wà níbẹ̀.