Òrùlé Tí Kò Jò Mọ́

Bàbá kan ń dá gbé nínú ilé onítáyà, yàrá gbọọrọ tí mọ́tò rẹ̀ máa ń fà kiri nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣì wà láyé. Mọ́tò ti lọ, ìyàwó ti lọ. Ilé náà dúró sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan, koríko ti bo táyà rẹ̀ dé ìdajì.

Ó ń jò. Òjò tó rọ̀ gbẹ̀yìn rin bẹ́ẹ̀dì gbingbin, orí àga ni bàbá sùn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó máa ń wá wò ó ní ọjọ́ ìsinmi, fọwọ́ tẹ fóòmù, omi yọ.

"Bàámi, ẹ gbọ́ o. Tí bẹ́ẹ̀dì yìí bá fi lè tún tutù báyìí, ọ̀dọ̀ mi lẹ ń bọ̀. Mi ò ní bẹ̀ yín."

"Kí n wá máa gbọ́ ariwo tẹlifíṣọ̀n ọkọ ẹ?"

"Ẹ máa gbọ́ ọ. Kò tíì pa wá."

Nígbà tó lọ, bàbá yá àkàbà lọ́wọ́ káfíńtà. Ó gbé pákó pẹlẹbẹ kan sórí òrùlé, ó dùbúlẹ̀ lé e, nítorí òrùlé irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lágbára tó kéèyàn kúnlẹ̀ lé e. Ó fi kàn-ìn-kàn-ìn àti omi ọṣẹ fọ ìgbẹ́ ẹyẹ àti èérí tó ti dì mọ́ ọn. Ó rọra ń fọ̀ ọ́, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.

"Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀!" káfíńtà pè é. "Ẹ kì í mà ṣe ológbò o!"

"Ológbò wo lo rí tó ń fọlé? Gbé garawa yẹn fún mi, jàre."

Káfíńtà gbé e fún un, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Wíwá ibi tó ń jò, iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ẹnì kan á máa da omi sórí òrùlé díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kejì á wà nínú ilé, á pariwo tó bá ti kán. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń pariwo: "Ó ti dé o! Ojú mi ló kán sí!" Ní báyìí, bàbá tẹ́ ìwé ìròyìn sórí bẹ́ẹ̀dì. Á da omi, á sọ̀ kalẹ̀, á wọlé lọ wò ó. Ó gbẹ. Á tún gun òkè.

Abẹ́ ihò afẹ́fẹ́ tó wà láàárín òrùlé ni ìwé ti wá tutù. Bàbá wo etí ihò náà, ó mí kanlẹ̀. Lọ́dọọdún tó bá ń dí ibẹ̀, gọ́ọ̀mù tuntun ló ń fi lé ògbólógbòó lórí, láì fọ ibẹ̀, láì họ tàtijọ́ kúrò. Ìdọ̀tí ni gọ́ọ̀mù ń dì mú, kì í ṣe òrùlé. Ó họ gbogbo rẹ̀ títí páànù fi yọjú. Ó nù ún, ó jẹ́ kí oòrùn gbẹ ẹ́, kó tó fi gọ́ọ̀mù mìíràn yí i ká.

Láàárín ọ̀sẹ̀, òjò ńlá rọ̀. Bàbá jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́ ọwọ́ lé aṣọ ìbora. Omi kò kán. Ó rẹ́rìn-ín, ó bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan han ẹnì kan.

Fóònù dún.

"Bàámi, ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?"

"Ó ń rọ̀."

"Ṣé ó ń jò?"

Bàbá wo òkè. "Kò jò."

"Ẹ ò tàn mí?"

"Wá wò ó."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Mo gbà yín gbọ́. Ẹ kú iṣẹ́, bàámi. Ọkàn mi ti wá balẹ̀. Mi ò ní lè wá ní ọjọ́ ìsinmi yìí o, iṣẹ́ ti wọ̀ mí lọ́rùn. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan kan."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì gbígbẹ, ó ń gbọ́ òjò títí tó fi dá.