Ìwé Ìran Wa Tí Mo Fi Síkàáwọ́ Kọ̀ǹpútà

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣáná sí ìwé bàbá mi.

Àfáà ni bàbá mi, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú nílé wa nítòsí Ìpàta, n'Ílọrin. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kọ ìtàn ìran wa sílẹ̀ ní lẹ́tà Lárúbáwá: ẹni tó bí ẹni, ibi tí wọ́n ti wá, ibi tí wọ́n sin oníkálukú sí. Ìgbàgbé ti ń mú un díẹ̀díẹ̀, ikán náà sì ń jẹ ìwé. Láàárín àwọn ọdún 1990, mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun Alásàrí, á máa kà á, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Oṣù mẹ́rin la fi parí ẹ̀.

A kì í da ìwé tó ní orúkọ Ọlọ́run nínú sí ààtàn, kí wọ́n má baà fi di àkàrà. Ṣe là ń sun ún. Gbogbo ojú ewé bàbá mi ló sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Bísímílà. Mo ní ká sun ún kí ikán tó jẹ ẹ́ tán.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?" ni bàbá mi bi mí.

"Baba, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀nà méjì ni mo pa á mọ́ sí. Kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé."

Ọ̀nà méjì! Inú háàdì-dísìkì kan ṣoṣo ni méjèèjì wà. Mo ní dísíkẹ́ẹ̀tì tí mo lè dà á kọ sí. Ọ̀lẹ ni ò jẹ́ kí n já ọ̀rá ara ẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ni mo sì ń pe ara mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná lọ, ó dé, ó tún lọ. Nígbà tí mo tan kọ̀ǹpútà padà, ó kàn ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe ní àdúgbò Fate. Ó gbé etí lé e, ó mirí.

"Bọ̀ọ̀dá, háàdì-dísìkì yín ti kú. Ìwé tẹ́ ẹ wò tẹ iṣẹ́ inú ẹ̀ ńkọ́?"

Mo gbé e padà sílé, mo ròyìn fún bàbá mi.

Bàbá mi ò bá mi jà. Ì bá sàn ká ní ó bá mi jà. Ó ní kádàrá ni, ó ní kí n mú bírò wá. Ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó dárúkọ bàbá tó bí ìyẹn. Nígbà tó kan ẹnì kẹta, ẹnu rẹ̀ dúró. Mo ti tẹ orúkọ náà rí o, àmọ́ ìka mi ló ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ọkàn mi ò sí ńbẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan fi ràn án lọ́wọ́.

Lójijì ni ojú bàbá mi tàn.

"Kí la ń da ara wa láàmú sí? Lọ wò ó nínú kọ̀ǹpútà."

Mo dìde, mo ní, "Ó dáa, Baba."