Ohun Tí Mo Sọ fún Bàbá Mi Nípa Ilẹ̀ Òyìnbó

Apá kan oko kòkó wa ti di gbangba báyìí. Tí mo bá ti sọdá odò, àárín rẹ̀ ni mo máa ń gbà, mo sì máa ń yára. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí. Oòrùn tó ń pa ilẹ̀ yẹn ni mi ò fẹ́ wò. Láti ìgbà tí bàbá bàbá mi ti gbin kòkó síbẹ̀, oòrùn kì í débẹ̀ àfi èyí tó bá rí àyè yọ́ gba àárín ewé wọlé. Ní báyìí ó ń bá a láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn kùkùté sì jókòó sínú rẹ̀ bí àlejò tí wọ́n ní kó dúró, tí ẹnikẹ́ni ò padà wá bá.

Mi ò gbé àdá sí wọn. Mi ò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n gé wọn. Ṣùgbọ́n mo ti ro ọ̀rọ̀ náà lọ, mo ti rò ó bọ̀, ibì kan náà ló máa ń gbé mi dé.

Abúlé wa ò jìnnà sí Ìyànà Ọ̀fà, lẹ́bàá Ìbàdàn. Ilé wa dojú kọ mọ́ṣáláṣí, bẹ́ǹṣì gígùn kan sì wà lábẹ́ ògiri rẹ̀, níbi tí àwọn àgbà ti máa ń jókòó lẹ́yìn ìrun Aláàsárì. Bàbá mi máa ń wà níbẹ̀. Àbúrò wọn, tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, náà máa ń wà níbẹ̀. Bàbá Kékeré ló ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ àgbègbè wa, tí wọ́n sì ń kó o lọ fún àwọn oníṣòwò ńlá n'Ìbàdàn. Ẹnì kẹta ti gbé ilẹ̀ Jámánì fún ọdún mọ́kànlá kí wọ́n tó dá a padà, nítorí náà gbogbo abúlé ń pè é ní Ará Jámánì. Ẹnì kẹrin ni káfíńtà kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Kérúbù. Òun kì í kírun, ṣùgbọ́n ó máa ń dé kí àwọn yòókù tó ṣe tán, ibi tó dùn ún jókòó jù lórí bẹ́ǹṣì sì máa ń jẹ́ tirẹ̀.

Mo ti parí yunifásítì nígbà náà, mo ti sin ìjọba tán, mo sì ń retí iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé ni mo kà. Mo máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, kí n máa ṣa ẹ̀wà, gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ lórí bẹ́ǹṣì ni mò ń gbọ́.

Àríyànjiyàn náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà ó ti gòkè débi pé àwọn tó ti pa oko tì láti ọdún gbọọrọ padà wá ń wá ààlà oko wọn kiri nínú igbó, tí àwọn olè sì ń kó kòkó tútù kúrò lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n dà bò ó. Lẹ́yìn náà ló wálẹ̀. Olúkúlùkù ń wá ìdí rẹ̀. Bàbá Kékeré ló kọ́kọ́ rí ọ̀kan mú wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ òyìnbó ń wó lọ. Àwọn tó ń jẹ ṣokoléètì ò rí búrẹ́dì rà mọ́."

"Ta ló sọ fún ẹ?" Ará Jámánì bi wọ́n.

"Mo rí i lórí fóònù."

"Fóònù yẹn náà kọ́ ló ní ká fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí àrùn má baà mú wa lọ́dún yẹn?"

"Ẹ má rán mi létí," ni káfíńtà wí. "Èmi wẹ̀ ẹ́ o. Mo tún mu díẹ̀ nínú ẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré ò jẹ́ kó lọ. Wọ́n ní ogun ti sọ gáàsì di ọ̀wọ́n níbẹ̀, pé àwọn ilé-iṣẹ́ ń tilẹ̀kùn, pé àwọn ọ̀dọ́ wọn ò bímọ mọ́, àwọn arúgbó ló kù. "Ilé tí ò lọ́mọ nínú, ta ni yóò tún òrùlé rẹ̀ ṣe?"

"Mo gbé ibẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá," ni Ará Jámánì wí. "Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ pé ó fẹ́ wó. Ọdọọdún náà ni wọ́n ń hú títì tí ò bàjẹ́, tí wọ́n ń tẹ́ òmíràn."

"Tí ò bá wó, kí lo wá ń wá lórí bẹ́ǹṣì wa?"

Káfíńtà fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀wà. Mo rò pé ọkùnrin náà yóò dìde lọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ ni.

"Wọ́n lé mi ni. Ilé tó bá ń wó kì í ráyè lé àlejò. Onílé fúnra ẹ̀ ni í kọ́kọ́ sá jáde."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ̀ wò nínú ọkàn mi. Òun ni ẹ̀rí tó lágbára jù tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ṣẹlẹ̀ kí onílé lé àlejò nítorí pé oúnjẹ ò tó òun fúnra rẹ̀ mọ́.

Bàbá mi ò dá sí i. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Bàbá Kékeré ti ń sọ pé ká gé kòkó, ká gbin ẹ̀gẹ́. Wọ́n ní àwa fúnra wa là ń jẹ gàrí, a ò ní máa wo ẹnu òyìnbó ká tó jẹun. Àwọn méjèèjì ló jogún oko náà, apá kan níhà ibí odò, apá kejì lódìkejì, ṣùgbọ́n bàbá mi ni àgbà, ọ̀rọ̀ wọn ni yóò ṣẹ. Bàbá mi ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn yàtọ̀ sí kòkó. Wọ́n mọ igi tó ń so léraléra àti èyí tó máa ń fi ọdún kan sinmi. Tí wọ́n bá ń rìn lábẹ́ wọn, wọ́n máa ń fọwọ́ gbá ara igi kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kí èèyàn.

Ohun kan wà tí mo ní láti sọ kí n tó dé ibi ìdáhùn mi.

Nígbà tí bàbá wọn kú, ọ̀dọ́mọkùnrin ni bàbá mi, inú oko yẹn náà ni wọ́n sì wà, wọ́n ń da ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó tútù kó lè kan. Ìránṣẹ́ kan ti ilé dé. Ó ní, "Ara Bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ le. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń tọ́jú wọn. Ó ṣeé ṣe kó ti fúyẹ́ báyìí. Ẹ kàn máa bọ̀ nílé, ẹ má sáré." Bàbá mi sọ fún wa lọ́pọ̀ ìgbà pé bí ọkùnrin náà ṣe ń sọ ọ́ báyẹn làwọn ti mọ̀. Wọ́n da ewé tó kù bo kòkó, wọ́n wẹ ọwọ́ lódò, wọ́n sì ti ń sunkún kí wọ́n tó dé ojú ọ̀nà. "Ẹni tó bá wà láàyè, wọ́n á ní ó wà láàyè," ni wọ́n máa ń wí. "Tí wọ́n bá ti ń fi ọ̀rọ̀ lọ sọ́tùn-ún lọ sósì, ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn." Lọ́dọ̀ wa, a kì í já ikú lu èèyàn lórí. Ọmọ tó bá ní ẹ̀kọ́ ilé gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń rìn yí i ká.

Láti kékeré ni mo ti mọ ìtàn yìí. Lọ́jọ́ tí mo nílò rẹ̀, kò wá sí mi lọ́kàn.

Ọjọ́ náà, wọ́n ti jiyàn títí ohùn Bàbá Kékeré fi há. Bàbá mi yíjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n pè mí. Mo gbọn ọwọ́ mi nù, mo lọ kúnlẹ̀.

"Ìwọ lo ka ìwé ọrọ̀-ajé nínú ilé yìí," ni wọ́n wí. "Mo ti gbọ́ tiwọn. Tìẹ ló kù. Ṣé ilẹ̀ òyìnbó ń wó lọ, àbí kò wó?"

Mo ronú bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní yunifásítì. Mo bi ara mi léèrè pé kí ni wíwó gan-an? Ẹni tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ ò tíì ṣubú. Ilẹ̀ òyìnbó kì í sì í ṣe ìlú kan ṣoṣo. Ara ọ̀kan lè le kí ti èkejì má le. Owó kòkó pàápàá, òjò wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, àrùn igi wà níbẹ̀, àwọn oníṣòwò tó kó ọjà pamọ́ náà wà níbẹ̀. Nílé ẹ̀kọ́, tí o bá dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, yíǹkì pupa ni wọ́n fi ń bi ọ́ pé ẹ̀rí dà. Mo fẹ́ dáhùn dáadáa. Mo fẹ́ kí bàbá mi rí i pé ìyà tí wọ́n jẹ lórí ẹ̀kọ́ mi ò já sásán.

Mo ní, "Bàbá, ara ọrọ̀-ajé wọn ò fi bẹ́ẹ̀ le lásìkò yìí. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti kógbá wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn ìjọba wọn ń tọ́jú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó gbérí, ó sì ṣeé ṣe kó má gbérí. Èèyàn ò lè sọ ní pàtó. Ẹ má kánjú, ẹ jẹ́ ká máa wò ó."

Káfíńtà ṣí fìlà. Ará Jámánì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo rò pé ìmọ̀ mi ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

"O káre, ọmọ mi," ni bàbá mi wí. "O mọ ọ̀rọ̀ sọ."

Inú mi dùn wọlé. Ìyẹn ló ń dùn mí jù títí di òní.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ ṣe ìdánwò kan fún iṣẹ́ n'Ìbàdàn, mo sì sùn sọ́dọ̀ àǹtí mi ní Alákìá. Ọkọ̀ òfuurufú ń gbéra lókè ilé wọn. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ̀kan, mo máa ń rántí ọ̀rọ̀ orí bẹ́ǹṣì, mo sì ń ro ohun tí ǹ bá tún fi kún ìdáhùn mi.

Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ kẹrin, mo ti ń gbọ́ ẹ̀rọ agégi láti ojú ọ̀nà. Mo gbé báàgì mi gba oko lọ. Gbogbo òdìkejì odò ti wà nílẹ̀. Bàbá Kékeré ń júwe fún oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Bàbá mi dá dúró, fìlà wọn wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò jẹ́ kí wọ́n hú kùkùté kankan. Wọ́n ní àwọn ò ní hú gbòǹgbò ohun tí bàbá àwọn gbìn, àárín wọn ni kí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ sí.

"Bàbá, kí ló dé?"

"Ṣé ìwọ kọ́ lo túfọ̀ rẹ̀ fún mi ni?"

"Mi ò sọ pé ó ń wó, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé o ò sọ ọ́. Ọmọ gidi kì í sọ ọ́."

Ìgbà náà ni mo tó rántí ìránṣẹ́ tó wá bá wọn nídìí kòkó lọ́jọ́ tí bàbá wọn kú. Mo rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì rántí tèmi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo wí, pé apá kan rí báyìí, apá kejì sì rí báyìí. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó ni wọ́n ń fọwọ́ tù mí léjìká. "Ó ti tó," ni wọ́n wí. "Má da ara ẹ láàmú. Mo ti gbà á."

A gbin ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ hù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gba ibẹ̀ kọjá ò dára rìn mọ́. Ẹ̀ka kòkó kan máa ń dábùú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbogbo wa la máa ń tẹrí ba níbẹ̀. Ìyá mi ṣì ń tẹrí ba níbẹ̀ pẹ̀lú igbá lórí. Wọ́n á fọwọ́ di igbá mú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, wọ́n á kọjá. Mo bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé àwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà ń ṣe é. Èmi mọ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ ewé gbígbẹ tó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹnìkan lẹ́yìn mi, bí ó ṣe máa ń dún nígbà tí ibòòji ṣì wà níbẹ̀. Mo máa ń yíjú padà. Ilẹ̀ pupa ni, ewé kankan ò sí.

Nígbà tí òjò dé, àwọn kùkùté rúwé. Ní oṣù keje lẹ́yìn ìgé náà, Bàbá Kékeré wá sọ pé oníṣẹ́ ẹ̀rọ yóò gba àdúgbò wa kọjá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pé kó kúkú gé níhà ibí odò náà, kó tán síbẹ̀. Bàbá mi ní àwọn ti gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí n bá àwọn lọ sóko. Káfíńtà ò sí níbẹ̀, Ará Jámánì ò sí níbẹ̀, àwa méjì péré ni. A sọdá odò. Àdá wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté kan tí ẹ̀ka tuntun mẹ́ta ti yọ lára rẹ̀, àwọn ewé rẹ̀ ṣì pọ́n, wọ́n sì rọ̀.

"Mo fẹ́ gé wọn kúrò kí wọ́n má baà gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀gẹ́," ni wọ́n wí. Wọn ò gbé àdá sókè. "O ti ń gbọ́ ìròyìn. Ṣé ó ti wó?"

Mo ti gbọ́ ìròyìn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹnì kan ní nǹkan ń gbóná sí i, ẹlòmíràn ní ó ti ń rọ̀. Gbogbo rẹ̀ wá sí mi lẹ́nu, ti ọ̀tún àti ti òsì, mo sì rí i pé bàbá mi ń wo ẹnu mi.

"Rárá, Bàbá."

Wọ́n ń dúró. Mo mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè. Mo gbé gbogbo rẹ̀ mì.

"Rárá?"

"Rárá."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ lásán já ẹ̀ka méjì tó kéré kúrò, wọ́n fi èyí tó nípọn jù sílẹ̀, wọ́n sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yí gbòǹgbò rẹ̀ ká. Wọ́n ní, "Lọ sọ fún Bàbá Kékeré pé kí oníṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn máa lọ sí ibòmíràn. Bó o ṣe sọ ọ́ fún mi yẹn ni kó o sọ ọ́ fún wọn."

Mo lọ. Mo tẹrí ba níbi tí ẹ̀ka ò sí. Ohun tí mo sọ fún bàbá mi, mi ò ní ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ ọ́, mi ò sì ní in títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Kòkó ìhà ibí ṣì wà lórí ìdúró. Láràárọ̀, kí n tó bọ́jú, mo máa ń wá ìròyìn ilẹ̀ òyìnbó kà, bí ẹni tó jókòó ti aláìsàn, tó sì ti sọ fún gbogbo ilé pé aláìsàn náà ń mí.