Ọwọ́ Tí Àáfà Wa Fi Mú Kùránì

Mo ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin tó ń lọ sí ilé-kéú nígbà tí àbúrò ìyá mi, tí à ń pè ní Bùọ̀dá, ra kámẹ́rà tuntun. Onífọ́tò ni wọ́n ní Ìyànà Ọ̀fà. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ irú rẹ̀: ó dà bí àpótí, ojú méjì ló ní níwájú, ọ̀kan lórí èkejì. Èèyàn á gbé e kọ́rùn, á tẹrí ba wo dígí tó wà lókè rẹ̀ kó tó rí ẹni tó fẹ́ yà. Fọ́tò méjìlá péré ni fíìmù kan ń gbà. Bùọ̀dá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yí fíìmù. Wọ́n tún sọ pé ọ̀tún máa ń di òsì nínú dígí náà, ṣùgbọ́n pé bí èèyàn ṣe dúró gan-an ni yóò ṣe jáde nínú fọ́tò. Mo ní mo ti gbọ́, bẹ́ẹ̀ ìkánjú àtitẹ̀ ẹ́ ló wà lára mi.

Àáfà wa fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí olùkọ́ wọn ní Ìlọrin, baba arúgbó tó kọ́ wọn ní Kùránì. Bùọ̀dá wà nínú ilé, wọ́n ní kí n yà á. Mo wo dígí, mo rí Kùránì lọ́wọ́ òsì.

“Àáfà, òsì lẹ fi mú Kùránì o.”

Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ilé-kéú tó yí wa ká rẹ́rìn-ín. Àáfà wo ọwọ́ wọn.

“Ọ̀tún mi rèé. Àbí kámẹ́rà yẹn ló ń yí i?”

“Bó ṣe máa jáde nìyẹn, Àáfà.”

“Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, ọmọ mi.” Wọ́n pààrọ̀ ọwọ́. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ tí Àáfà wá gba fọ́tò náà, Bùọ̀dá wò ó, ojú wọn yí padà. “Ta ló ní kí Àáfà fi òsì mú Kùránì?”

“Àwọn fúnra wọn ni. Mi ò sọ nǹkan kan.”

Àáfà jókòó níbẹ̀ tí mo fi sọ ọ́. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “Ó lè jẹ́ pé èmi ni mo gbàgbé.” Bùọ̀dá bẹ̀ wọ́n kí àwọn tún un yà, Àáfà ní kó di ìgbà mìíràn. Kò pẹ́ sí i ni ìròyìn dé pé baba Ìlọrin ti kú. Wọn ò rí fọ́tò Àáfà kankan kí wọ́n tó lọ.

Lónìí, fóònù ń fi fọ́tò hàn yín lójú ẹsẹ̀. Èyí tí kò bá dára, ẹ ó pa á rẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá mi sí di arúgbó. Òun ni mo ń bẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn gbogbo ìrun. Àáfà gbé nítòsí wa fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó papò dà, mo sì ń kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀. N kò bẹ̀ wọ́n rí.