Ènì Inú Ẹ̀tù

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́, mo mọ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ́ fún èmi náà, màá ní kí onítọ̀hún lọ sùn. Ṣùgbọ́n èmi yìí, tí n kò lè pa eku inú ilé, ni mo bá òyìnbó rọ ẹ̀tù sínú ọta ìbọn ní Woolwich, ní London.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Thamesmead, nítòsí ibẹ̀, là ń gbé, èmi àti ìyàwó mi tó lóyún. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà nìkan la gbójú lé. Ọ́fíìsì tó ń fún wa níṣẹ́ ń rán mi sí ọ̀dọ̀ sójà òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìntì, nítòsí bárékè. Ìyàwó bàbá ti kú, ọmọ kankan kò yọjú. Ohun tó kù tó ń mú un dìde ni ìbọn rẹ̀, tó máa ń gbé lọ yìn sí àmì lọ́jọ́ Sunday. Kì í ra ọta. Kòròfo ọta onídẹ tó ti yìn ló ń kó jọ, á rọ ẹ̀tù tuntun sí i, á tẹ òjé dé e lórí, lórí tábìlì kíṣìnnì.

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó pè mí.

"Ìwọ tí o ní ọdẹ ni bàbá rẹ, wá bá mi wọn ẹ̀tù."

"Dádì, bàbá mi ló ṣọdẹ. Èmi ò ju ẹni tó ń jẹ ẹran ìgbẹ́ lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí.

Ó fi òṣùwọ̀n kékeré hàn mí: bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ti dúró níbi tó sàmì sí, kí n da ẹ̀tù náà sínú kòròfo. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù náà kéré lójú mi, bí oúnjẹ ẹni tó ń gbààwẹ̀. Nílé wa, ẹni tó bá wọn nǹkan fún ọ láìfi ènì sí i, ahun ni. Bí bàbá bá ti wo fèrèsé, màá fi orí ìka méjì mú díẹ̀ kún un. Kó lè lọ jìnnà. Kí inú bàbá lè dùn.

A ti ṣe bí ogún nígbà tí bàbá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Mo ní ọ̀rẹ́ kan. Ẹ̀tù díẹ̀ péré ló lé lórí òṣùwọ̀n, ìbọn fọ́ mọ́ ọn lójú. Ojú kan lọ."

Mo wo inú páálí: gbogbo ọta náà jọra bí ìbejì, n kò sì mọ èyí tí mo fún lénì. Bí mo bá sọ, iṣẹ́ lè lọ. Bí n kò bá sọ, Sunday ń bọ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá rò pé òòyì ló kọ́ mi.

"Kí ló ṣe ọ́? Dìde!"

"Dádì, mo fi díẹ̀ kún un. Bí ẹ̀bùn ni."

"Ẹ̀bùn?" Ó wo páálí. "O fẹ́ fi ẹ̀bùn fọ́ mi lójú?"

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí n bá a tú wọn. Ó ní kí n lọ fọ ife. Mo fọ ife títí àkókò mi fi pé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òjò pa mí dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó ti wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà.

"Ẹ má bínú, Uncle. Ọ́fíìsì ní bàbá pè wọ́n, pé èmi ni kí n máa wá báyìí."

Mo rí bàbá lẹ́yìn rẹ̀ ní kíṣìnnì, ó kẹ̀yìn sí wa. Kò sí nǹkan kan lórí tábìlì. Mo ní kó bá mi kí i.

"Ó ti gbọ́ yín," obìnrin náà wí, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.